Wọ́n kọ RESOLVED, àmì ohùn ṣì ń yẹ̀: báwo la ṣe ń ka àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara bug, ìyẹn àṣìṣe inú software?

Àbúrò wa kan tó ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé nítòsí ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ló kọ̀wé sí mi. Òun ló ń bá àwọn tíṣà tẹ ìbéèrè ìdánwò Yorùbá, software ọ̀fẹ́ kan ló sì fi ń ṣe é. Mo gé lẹ́tà ẹ̀ kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti fi rípọ́ọ̀tù sílẹ̀ fún àwọn tó ṣe software tí mo fi ń tẹ̀wé, pé tí mo bá tẹ ọ tí mo fi àmì òkè lé e, àmì yẹn kì í dúró lórí ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń sá lọ, tí mo bá sì pírìntì ẹ̀ ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kọ́kọ́ kọ UNCONFIRMED sí i, bíi pé irọ́ ni mò ń pa. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé CRITICAL ni, ẹnìkan kàn yí i sí NORMAL. Ó tún di NEEDINFO, mo dáhùn, ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan. Mọ́ńdè tó kọjá mo ṣí i, wọ́n ti kọ RESOLVED DUPLICATE. Resolved báwo? Àmì yẹn ṣì wà níbi tó wà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín ni, àbí kí ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí?"

Àbúrò, ẹnikẹ́ni ò fi ẹ́ ṣẹ̀sín, mo fẹ́ kí ìyẹn kọ́kọ́ balẹ̀ lọ́kàn ẹ ká tó sọ nǹkan mìíràn. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí láti bí ọdún mẹ́wàá, kí n máa dán software wò kó tó dé ọwọ́ aráyé, kí n máa gba rípọ́ọ̀tù bíi tìẹ wọlé, kí n máa lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lára. Èmi náà sì ti fi rípọ́ọ̀tù sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn tí mo jókòó tì í títí. Ohun tí mo rí ni pé àwa tí a ń fi rípọ́ọ̀tù sílẹ̀ máa ń ka àwọn ọ̀rọ̀ yẹn bíi máàkì tí tíṣà kọ sí ìwé wa, bóyá wọ́n gbà wá gbọ́ tàbí wọn ò gbà wá gbọ́, bóyá wọ́n kà wá sí tàbí wọn ò kà wá sí. Kì í ṣe máàkì rárá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń dáhùn: ta ló kàn báyìí? Iṣẹ́ tó kù, ọwọ́ ta ló wà? Tí o bá ń fi ìbéèrè yẹn ka ara bug, ọkàn ẹ á balẹ̀ púpọ̀, wàá sì tètè mọ ìgbà tó jẹ́ pé ìwọ gan-an ni wọ́n ń dúró dè, torí lójú tèmi, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ láàárín oṣù mẹ́rin yẹn nìyẹn.

Nínú àwòrán tí o fi ránṣẹ́ mo rí i pé Bugzilla ni wọ́n ń lò, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń kó rípọ́ọ̀tù bug jọ. Mozilla, àwọn tó ni Firefox, ló gbé e jáde ní 1998, àwọn ẹlòmíràn sì gbà á lọ́wọ́ wọn, àwọn tó ń ṣe LibreOffice, software ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, wà lára wọn, torí náà púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ò ń rí yẹn ti pẹ́ láyé, kì í ṣe ẹni tó dá ẹ lóhùn ló jókòó ro ó láti fi bá ẹ wí. UNCONFIRMED ò sọ pé o parọ́. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnìkan ṣoṣo ló tíì rí i. Àwọn àgbà wa náà kúkú ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ rí i lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún ẹni tó máa tún un ṣe. Ta ló kàn nígbà yẹn? Ẹnikẹ́ni tó bá ní software yẹn ni o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ èyí, wọ́n rò pé àwọn ọ̀gá kan ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà nìkan ló lè jẹ́rìí sí i. Ọ̀rẹ́ ẹ tó ní ṣọ́ọ̀bù kejì, tó bá dán an wò tó rí nǹkan kan náà, kó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kó kọ version tiẹ̀ àti irú kọ̀ǹpútà tó ń lò, ó ti jẹ́rìí nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan NEW, ọ̀rọ̀ yẹn sì máa ń tan èèyàn jẹ. Lọ́dọ̀ LibreOffice, NEW túmọ̀ sí pé ẹlòmíràn ti rí i, ó ti dájú. Lọ́dọ̀ Launchpad, ibi tí àwọn Ubuntu, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ń kó bug wọn sí, New túmọ̀ sí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìtumọ̀ ẹ̀ yí padà pátápátá. Bugzilla fúnra ẹ̀ ti fi CONFIRMED rọ́pò NEW nínú ètò tó ń bá a wá láti version 4.0, ìyẹn tó jáde ní 2011, mo sì rò pé ìyẹn ló dáa jù, ṣùgbọ́n àwọn tó ti mọ́ lára ò fi NEW sílẹ̀. Torí náà, ibi tuntun tí o bá dé, wá ojú ìwé tí wọ́n ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wọn, kì í gùn, kà á kí o tó bínú.

Ọ̀rọ̀ CRITICAL tí wọ́n sọ di NORMAL yẹn, jẹ́ ká dúró lórí ẹ̀ dáadáa, torí mo mọ̀ pé ó dùn ẹ́. Mo mọ ohun tí o rí. Ìwé ìbéèrè tí àwọn ọmọ JSS 2 fẹ́ fi ṣe ìdánwò, ìbéèrè wà níbẹ̀ pé kí wọ́n sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, àmì wá ti kúrò lórí ọ̀kan, ó ti bọ́ sórí àlàfo tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ọmọ tó bá gba ìwé yẹn ò ní mọ̀ bóyá ọkọ tó fẹ́ ìyàwó ni wọ́n ń bi òun ni tàbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko. Tíṣà á dá ìwé padà, ìwọ lo máa tún un tẹ̀, owó pépà àti yíǹkì á jáde lápò ẹ. Lójú ẹ, kí ló tún wá le ju ìyẹn lọ? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ní ìwọ̀n tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Nínú Bugzilla, ó máa ń tò láti blocker, critical, major, normal, minor, dé trivial, critical sì ni kí software máa kú lójijì, tàbí kí iṣẹ́ tí èèyàn ti ṣe sọnù. Àwọn Debian, tí wọ́n ń ṣe irú ètò kan náà bíi Ubuntu, le ju bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́dọ̀ tiwọn critical ni ohun tó ń ba software mìíràn tí kò kàn án jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kan náà, tàbí tó ń fa àdánù data ńlá, tàbí tó ṣílẹ̀kùn fún olè. Ìwé tìẹ ò sọnù, software ẹ ò kú. Ìyẹn ló fi bọ́ sí normal. Ẹni tó yí i, ìwọ̀n ló lò, kò sọ pé ìyà ò jẹ ẹ́.

Ohun mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní priority, má dà á pọ̀ mọ́ severity, ìyẹn ìwọ̀n CRITICAL àti NORMAL tí a ń sọ bọ̀. Severity ń sọ bí ọgbẹ́ ṣe jìn tó, priority ń sọ ẹni tí wọ́n máa tọ́jú ṣáájú. Wọn kì í fìgbà gbogbo rìn pọ̀. Tí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣi orúkọ ara ẹ̀ kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ápù ẹ̀, nǹkan kan ò bàjẹ́ nínú ápù yẹn, severity ẹ̀ ò ju bíńtín lọ, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n á ti tún un ṣe. Tí ápù bá sì ń kú kìkì lórí fóònù kan tí wọn ò tà mọ́ láti ọdún pípẹ́, severity ẹ̀ ga, ó sì lè jókòó síbẹ̀ fún ọdún méjì. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà ló ni priority, má fọwọ́ kàn án. Ohun tí ìwọ lè ṣe, tó sì lágbára ju kí o máa bá wọn fa CRITICAL lọ, ni kí o kọ ohun tó ń dá sílẹ̀. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé nínú Yorùbá àmì yìí ló ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà, fi ọkọ àti ọkọ́ hàn wọ́n, sọ pé ìwé ìdánwò ò ṣeé lò. Ẹni tó wà níbẹ̀ lè má gbọ́ Yorùbá rí láyé ẹ̀, ó lè rò pé ẹwà lásán ni àmì yẹn. Èmi tí mò ń to bug, mo máa ń fojú fo lẹ́tà ńlá àti àmì ìyanu, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan tó bá sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí èèyàn lójú ayé, kò sí bí mo ṣe lè fojú fò ó.

Ó wá kan NEEDINFO, ibí yìí gan-an ni rípọ́ọ̀tù ẹ ti há. NEEDINFO túmọ̀ sí pé ìwọ ló kàn. Kò sí nínú gbogbo àlẹ̀mọ́ yẹn èyí tó tún pe orúkọ ẹ tó bẹ́ẹ̀. Nínú àwòrán ẹ, wọ́n bèèrè nǹkan mẹ́ta: version tí ò ń lò, irú kọ̀ǹpútà, àti fáìlì kékeré kan tó ní àṣìṣe yẹn nínú. Èsì tí o kọ ni pé ó ṣì ń ṣe é, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi tún un ṣe. Àbúrò, o fèsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀. Èkejì ni pé lẹ́yìn tí o fèsì tán, o fi NEEDINFO sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọ̀pọ̀ ibi tó ń lò ó báyìí, LibreOffice fún àpẹẹrẹ, ẹni tó fèsì ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ yí i padà sí UNCONFIRMED. Ìdí ẹ̀ nìyí. Láàárọ̀ tí mo bá ti tan lápútọ́ọ̀pù mi, kì í ṣe gbogbo bug ni mò ń ṣí, wọ́n pọ̀ jù, èyí tó wà ní UNCONFIRMED ni mo máa ń pè jáde, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó pẹ́ jù. Èyí tó wà ní NEEDINFO ò ní jáde rárá, torí ohun tí ìwé ń sọ fún mi ni pé oníbug la ń dúró dè. Nítorí náà ìwọ ń dúró de àwọn, àwọn náà ń dúró dè ẹ́. Ńṣe ló dà bíi kí èèyàn kọ èsì lẹ́tà tán kó wá tì í sínú dúrọ́ọ̀ ara ẹ̀.

Àkókò náà kì í dúró o. Lọ́dọ̀ Launchpad, bug tó bá wà ní Incomplete, ìyẹn NEEDINFO tiwọn, fún ọjọ́ 60 tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ lè di Expired fúnra ẹ̀. Lórí GitHub, ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe software ń kó kọ́ọ̀dù wọn sí, ọ̀pọ̀ ibi ló ní róbọ́ọ̀tì kan tó máa lẹ stale, ìyẹn pé ó ti pẹ́ jù, mọ́ ọn, bí wọn ò bá yí ètò ẹ̀ padà, ọjọ́ 60 ni yóò fi dúró kó tó lẹ̀ ẹ́, ó sì máa fi ọjọ́ 7 péré kún un kó tó tì í. LibreOffice ní INSUFFICIENTDATA fún irú ẹ̀, wọn ò tiẹ̀ sọ pé irọ́ ni, wọ́n ní ohun tí àwọn rí ò tó láti fi ṣiṣẹ́. Bí tìẹ bá bọ́ sí irú ibẹ̀, má sunkún, kó ohun tí wọ́n bèèrè wá, ṣí i padà.

Báwo ni èsì tó dáa ṣe máa ń rí? Mo tún tìẹ kọ, ìwọ ni kí o fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ síbẹ̀: Mo ṣí fáìlì tuntun tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo mú fọ́ǹtì lágbájá, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà, sáìsì 14. Mo tẹ ọ, mo fi àmì òkè lé e. Ohun tí mo retí ni kí àmì dúró sáàárín orí ọ. Ohun tí mo rí ni pé àmì bọ́ sápá ọ̀tún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Tí mo bá tẹ o tí kò ní àmì lábẹ́ tí mo fi àmì òkè lé e, kò sí wàhálà kankan. Kí o wá so fáìlì yẹn mọ́ ọn, pẹ̀lú nọ́ńbà version tó wà nínú Help lẹ́yìn náà About, má kàn kọ pé èyí tó dé kẹ́yìn, torí èyí tó dé kẹ́yìn lónìí kọ́ ló máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Gbólóhùn yẹn, pé àmì ń dúró dáadáa lórí o tí kò ní àmì lábẹ́, òun ló níye lórí jù nínú gbogbo ẹ̀, ìwọ lo sì sọ ọ́ fún mi lórí fóònù bíi pé kò já mọ́ nǹkan. Unicode ni ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà o tí àmì òkè wà lórí ẹ̀ (ó) ní nọ́ńbà tiẹ̀ níbẹ̀, U+00F3, ẹyọ kan ni. ọ wa náà ní tiẹ̀, U+1ECD, ẹ sì ní U+1EB9. Ṣùgbọ́n ọ́ àti ẹ́ ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, méjì la fi ń kọ wọ́n, ọ á kọ́kọ́ jókòó, àmì òkè tó jẹ́ U+0301 á wá gùn ún. Ibi tí àmì yẹn máa dúró sí lórí ẹ̀, inú fọ́ǹtì ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì yẹn ò bá ronú kan Yorùbá, àmì ò mọ ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀, ó sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí tó bá ti ka gbólóhùn yẹn, ìdajì iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìdí tí mo fi sọ ìyẹn ni pé ó lè gbé àlẹ̀mọ́ mìíràn wá tí wàá tún fẹ́ bínú sí, NOTOURBUG. Kò túmọ̀ sí pé kò kàn wọ́n. Ó túmọ̀ sí pé ibi tó ti bàjẹ́ ò sí nínú iṣẹ́ tiwọn, bóyá inú fọ́ǹtì ni, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ló máa lọ. Debian máa ń lẹ upstream mọ́ èyí tó jẹ́ pé odò ti dàrú láti orísun. Ta ló kàn? Ẹlòmíràn ni, níbòmíràn, ìwọ tàbí àwọn sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ síbẹ̀.

Wàyí o, RESOLVED DUPLICATE. Ọ̀rọ̀ méjì ni, wọn kì í ṣe irú kan náà. Èkíní ni ipò, RESOLVED, ohun tó ń sọ ò ju pé wọ́n ti pa ìwé yìí dé lọ. Èkejì ló ń sọ ìdí tí wọ́n fi pa á dé. RESOLVED FIXED nìkan ló sọ pé wọ́n tún un ṣe. RESOLVED nìkan lo kà, ọkàn ẹ sì lọ sórí FIXED, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe. DUPLICATE túmọ̀ sí pé ẹnìkan ti mú ẹjọ́ kan náà wá ṣáájú ẹ, wọ́n wá kó ẹ̀yin méjèèjì sínú fáìlì kan kí ọ̀rọ̀ má bàa fọ́n ká. Rípọ́ọ̀tù ẹ ò ṣòfò, ẹ̀rí ló dà lára èyí tó ṣáájú. Nọ́ńbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ DUPLICATE yẹn, o ò tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Èyí tó ṣáájú yẹn ò tíì tán, ASSIGNED ló wà, orúkọ ẹnìkan wà lára ẹ̀ tó gbà láti ṣe é. Ìwé tìẹ ni wọ́n pa dé, ọ̀rọ̀ náà ò tíì kú. Bugzilla máa ń fi ẹni tó ni duplicate kún àwọn tí ímeèlì á máa lọ bá lórí èyí tó ṣáájú, ṣùgbọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orúkọ ẹ wà nínú CC, tí kò bá sí, fi ara ẹ sí i. Tí o bá sì débẹ̀, jọ̀ọ́ má kọ pé èmi náà o. Bí ogún èèyàn bá kọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á máa gba ímeèlì ogún tí kò sí nǹkan tuntun nínú ẹ̀. Fáìlì ẹ ni kí o gbé lọ síbẹ̀, tó bá jẹ́ pé tiwọn ò ní irú ẹ̀. Tí o bá sì kà á tán tí o rí i pé ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀ sí tìẹ, bóyá orí fóònù ni tiwọn ń ṣẹlẹ̀, o lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìdí, wọ́n á yà yín. Àwa tí a ń to nǹkan yẹn máa ń ṣì í, mo ti da ti ẹlòmíràn pọ̀ rí tó jẹ́ pé oníbug ló tọ́ mi sọ́nà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

INVALID àti NOTABUG máa ń sọ pé bó ṣe yẹ kó ṣe náà ló ń ṣe. WORKSFORME ni pé wọ́n dán an wò, kò ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé version wọn tuntun ju tìẹ lọ, kọ́kọ́ gba update kí o tó jiyàn.

WONTFIX le díẹ̀ láti gbà, torí òun nìkan ló ń sọ pé kò sẹ́ni tó kàn mọ́. Ṣùgbọ́n kì í wà láìnídìí, ìdí yẹn ni kí o kà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti bèèrè rí pé kí ló dé tí Unicode ò fún ọ́ àti ẹ́ ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kí wàhálà yìí tán. Wọn ò ní fún un, òfin wọn ni pé ohun tí a bá ti lè fi àwọn àmì tó wà nílẹ̀ kọ, wọn ò ní tún fún un ní ẹyọ tuntun. Ó dun èmi náà nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, àmọ́ mo gbà pẹ̀lú wọn nísinsìnyí, torí tí wọ́n bá fún un lónìí, ọ̀rọ̀ kan náà á ní oríṣi méjì nínú kọ̀ǹpútà, ti àtijọ́ àti ti tuntun, èèyàn á wá ọ̀kan, kò ní rí èkejì. Ara fọ́ǹtì ló yẹ ká fi agbára wa sí.

Nígbà tí èyí tó ṣáájú yẹn bá wá di FIXED, má tíì lọ pírìntì ìwé ìdánwò o. Télọ̀ kan wà ládùúgbò wa ní Under G, ìwé péńpé ló máa ń fi pín-ìn-nì kọ́ ara aṣọ kọ̀ọ̀kan, a ti gé e, a ti rán an, ó ku bọ́tìnnì. Tí o bá bi í léèrè, ó lè ní ó ti ṣetán, òótọ́ ló ń sọ, aṣọ ti kúrò lórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n o ò lè wọ̀ ọ́ lọ síbi ìnáwó lọ́la torí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ló ṣì wà. Launchpad ló ya èyí sọ́tọ̀ dáadáa jù, Fix Committed ni pé ẹni tó kọ kọ́ọ̀dù ti tún un ṣe, Fix Released ni pé ó ti jáde, o lè gbà á. Àwọn tó ń lo FIXED nìkan, wo ibi tí wọ́n kọ Target Milestone tàbí nọ́ńbà version sí, ibẹ̀ lo máa rí èyí tí àtúnṣe náà máa bá jáde.

Mo mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn lè dá sílẹ̀. Ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ápù àjọ la ṣe fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó wá ń yọ owó àwọn èèyàn lẹ́ẹ̀méjì. Ẹni tó kọ kọ́ọ̀dù tún un ṣe ní Tọ́sìdeè, ó sì kọ FIXED, àwọn tó ń gbé ìpè oníbàárà rí FIXED, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé ó ti bọ́ sípò. Update ò tíì dé orí fóònù ẹnikẹ́ni. Ní Fúráìdeè, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ san 5,000 náírà, ápù yọ 10,000. Èmi ló bá sọ̀rọ̀. Kò pariwo, ó kàn ń tún un sọ pé ṣèbí ẹ ní ó ti tán, ṣèbí ẹ ní ó ti tán. Owó ẹ̀ padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ṣùgbọ́n kò lo ápù yẹn mọ́, mi ò sì dá a lẹ́bi. Láti ọjọ́ náà, ibikíbi tí mo bá ti ní ẹnu ọ̀rọ̀, a kì í lo FIXED nìkan, ó gbọ́dọ̀ ní ti kọ́ọ̀dù àti ti ọwọ́ oníbàárà, ẹni tó tún un ṣe kọ́ sì ló máa kọ VERIFIED sí i, ojú mìíràn gbọ́dọ̀ rí i.

Tí version tuntun bá jáde tí ìwọ fúnra ẹ dán an wò tí àmì ṣì ń yẹ̀, ìgbà yẹn ni REOPENED wà fún, kọ nọ́ńbà version tuntun náà síbẹ̀. Àmọ́ tó bá ti dáa fún ọdún kan tó wá padà bàjẹ́, ṣí tuntun, kí o tọ́ka sí ti àtijọ́.

Má sì jẹ́ kí pípẹ́ dẹ́rùbà ẹ́. Bug àkọ́kọ́ nínú ìwé Ubuntu, Mark Shuttleworth, ẹni tó dá Ubuntu sílẹ̀, ló ṣí i ní 2004, pé Microsoft ló gba ọjà kọ̀ǹpútà mọ́ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, ọdún 2013 ló tó fọwọ́ ara ẹ̀ tì í. Àwọn ọmọ LAUTECH tó ń bi mí pé níbo làwọn ti lè bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n bá lẹ help wanted tàbí good first issue mọ́ lórí GitHub, tàbí easyHack lọ́dọ̀ LibreOffice, ẹ̀yin ló kàn níbẹ̀, ẹ má dúró kí wọ́n pè yín.

Àbúrò, ní tìẹ lọ́sẹ̀ yìí, má ṣí bug tuntun, má sì REOPEN ti àtijọ́. Lọ sórí nọ́ńbà tó ṣáájú, gbé fáìlì àti àlàyé ẹ síbẹ̀. Kí ìdánwò má bàa dúró dè wọ́n, gba fọ́ǹtì Charis SIL tàbí Gentium sórí kọ̀ǹpútà ẹ, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì òkè lé ẹ àti ọ, yí gbogbo ìwé yẹn sí ọ̀kan nínú wọn kí o tún un pírìntì. Tí àmì bá dúró dáadáa pẹ̀lú wọn, kọ ìyẹn náà síbẹ̀, á jẹ́ kí ẹni tí wọ́n gbé e fún tètè mọ̀ bóyá fọ́ǹtì ló fà á. Kí o sì fi fáìlì yẹn ránṣẹ́ sí èmi náà kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, pẹ̀lú orúkọ fọ́ǹtì tí ò ń lò tẹ́lẹ̀. Màá dán an wò lórí lápútọ́ọ̀pù mi níbí, ohun tí mo bá rí, màá kọ ọ́ sábẹ́ tìẹ.